Àpá Iwájú Orí Dádì

Dádì, ọdún mẹ́ta rèé tí ẹ lọ, inú sì ń bí mi sí yín.

Mo mọ̀ pé kì í ṣe báyìí ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ ìrántí. Ó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ pé fàráńdà onígi tí ẹ kọ́ dé ìdajì lẹ́yìn ilé ní Fort Washington ti parí, a sì máa ń jókòó síbẹ̀ wo odò. Ó yẹ kí n sọ pé Tóbilọ́ba ti ń ṣiṣẹ́ ní Greenbelt, táì yín ló sì ń wọ̀ lọ. Ó yẹ kí n sọ pé Mọ́mì ti fi iṣẹ́ alẹ́ sílẹ̀ ní ọsibítù, wọ́n sì ti ń sùn bí èèyàn. Mo ti sọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí n bínú báyìí.

Lóṣù tó kọjá, wọ́n pè wá sí iléeṣẹ́ ọlọ́pàá yín pé ká wá wo àwòrán àwọn ọ̀gá tó ti darí ibẹ̀ rí. Wọ́n gbé wọn kọ́ sára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n sì kọ ìtàn iṣẹ́ oníkálukú sábẹ́ tirẹ̀. Ọ̀kan ti ṣe sójà rí. Wọ́n kọ ọ́. Òmíràn ti wa bọ́ọ̀sì ọmọ iléèwé. Wọ́n kọ ọ́. Ẹnì kan gé koríko ní pápá gọ́ọ̀fù kó tó wọ aṣọ ọlọ́pàá. Wọ́n kọ koríko náà, Dádì. Mo wá dé ọ̀dọ̀ yín. Akóredé Adégbọlá, gàdàgbà. Ẹ rẹ́rìn-ín músẹ́, àpá iwájú orí yín ń dán. Wọ́n ní Maryland níbí, ní Amẹ́ríkà, ni ẹ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ agbófinró, pé wọ́dà ọgbà ẹ̀wọ̀n lẹ kọ́kọ́ ṣe. Ọdún méjìlá tí ẹ fi ṣe ọlọ́pàá n'Íbàdàn, kò sí lẹ́tà kan nípa rẹ̀.

Orí mi gbóná. Mo lọ bá Aaron, igbákejì yín ìjọ́sí, tó ti wà lórí àga yín báyìí. Mo ní ṣé iṣẹ́ téèyàn ṣe ní Áfíríkà kì í ṣe iṣẹ́ ni? Ó jẹ́ kí n sọ tèmi tán.

"Ìtùnú, àwa kọ ọ́. Bàbá ẹ ló ní ká yọ ọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n di ọ̀gá. Mo bi wọ́n pé kí ló dé. Wọ́n ní, 'Aaron, o ò mọ àwàdà àwọn ará ilé wa.'"

Èmi mọ àwàdà náà. Ta ni kò mọ̀ ọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Forestville? Bí ọkọ̀ yín bá ti yọ lọ́jọ́ Ìsinmi, Díákónì Adétòkunbọ̀ á nawọ́ sókè lẹ́nu géètì: "Ẹ kó ìwé ọkọ̀ yín jáde o, ọlọ́pàá Ìbàdàn ti dé. Ọ̀gá, ẹ ṣàánú wa, a ò tíì rí tàárọ̀ jẹ." Àwọn èèyàn á rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin náà á bá wọn rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì lẹ bẹ̀rẹ̀ sí í páàkì sí. Ibòji la rò pé ẹ ń wá.

Díákónì ni mo ń bá bínú títí mo fi délé. Ọ̀rọ̀ Mọ́mì ló yí ìbínú náà sọ́dọ̀ yín. Mo bi wọ́n nípa àpá yẹn, torí ohun tí ẹ sọ fún èmi àti Tóbilọ́ba ni pé kẹ̀kẹ́ ló gbé yín ṣubú.

Mọ́mì pòṣé. "Kẹ̀kẹ́ wo? Mọ́kọ́lá ni. Wọ́n ti fi táyà kọ́ mẹkáníìkì kan lọ́rùn, wọ́n ní ó jí mọ́tò. Bàbá ẹ nìkan ló dúró níwájú ẹ̀. Òkúta bà wọ́n, wọn ò yẹsẹ̀. Nígbà tílẹ̀ mọ́, a gbọ́ pé àbúrò ẹni tó ni mọ́tò ló gbé mọ́tò náà lọ sí Ìwó."

Dádì, kí ló dé? Ẹ gba òkúta nítorí ẹni tí ẹ ò mọ̀ rí, ẹ wá sá fún ẹ̀rín Díákónì? Ẹni tó gba rìbá lójú títì ló yẹ kójú tì. Ẹ̀yin ò gbà, ẹ bá wọn ru ìtìjú wọn kọjá òkun, ẹ tún gbé e wọ sàréè. Àpá yẹn wà nínú àwòrán fún gbogbo ayé, ìtàn rẹ̀ ni ẹ fi du àwa ọmọ yín.

Aaron ní bí ìdílé bá fọwọ́ sí i, àwọn á dá Ìbàdàn padà sábẹ́ àwòrán. Tóbilọ́ba kọ̀. Ó ní, "Dádì fúnra wọn ló ní kí wọ́n yọ ọ́. Ta ni wá?" Àwa méjèèjì bá kọjú sí Mọ́mì. Wọ́n ká aṣọ tó wà lọ́wọ́ wọn tán kí wọ́n tó fèsì.

"Ohun tí dádì yín bá sọ ni mo máa ń gbà. Mo ti gbà tó. Èmi ni mo fọ ẹ̀jẹ̀ kúrò lára ṣẹ́ẹ̀tì yẹn."

Wọ́n fọwọ́ sí i.

Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n á gbé àkọlé tuntun síbẹ̀. Ìbàdàn ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Mo ti ní kí Díákónì bá wa lọ, kó kà á sókè fún wa. Ó ní òun á wá. Kò ṣàwàdà kankan.

Mọ́mì, Tóbilọ́ba àti èmi, a fẹ́ràn yín, àárò yín ṣì ń sọ wá lójoojúmọ́. Bí inú bá bí ẹ̀yin náà sí mi, ẹ wá bá mi jà lójú àlá. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń retí yín níbẹ̀. Ṣùgbọ́n géètì iwájú ni kí ẹ gbà wọlé, Dádì.