Kétu Èwo?

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Inú yàrá yín ni mo ti ń kọ èyí, mo ti tilẹ̀kùn. Bọ́sẹ̀ àbúrò mi jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì yín. Bùọ̀dá Dàpọ̀ wà ní pálọ̀, ó ń wo bọ́ọ̀lù, kò mọ̀ pé Bọ́sẹ̀ ti dé. Àwọn ọlọ́pàá ní àwọn ń bọ̀, ó ti lé ní wákàtí kan báyìí. Mo ti ti géètì, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà nínú àpò mi. Kí wọ́n tó dé, mo ní kí n bá yín sọ̀rọ̀.

Dàpọ̀ tí mò ń wí, ọmọ iṣẹ́ yín náà ni, tó kọ́ wẹ́dà lọ́dọ̀ yín l'Ówódé, tẹ́ ẹ gbọ́wọ́ lé lórí lọ́jọ́ fúrídọ̀mù rẹ̀. Lẹ́yìn tẹ́ ẹ lọ, ó fi wẹ́dà sílẹ̀, ó ń kó mọ́tò wọlé láti bọ́dà. Ṣùgbọ́n kò já wa sílẹ̀. Kò sí Sátidé tí kì í wá kí wa, bíi tòní. Ẹ̀gbọ́n gidi ni mo fi í ṣe, Bàbá.

Nígbà tí Bọ́sẹ̀ kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán tán, Dàpọ̀ ní òun ti bá a ríṣẹ́ sí ṣọ́ọ̀bù kan ní Kétu. Kétu kẹ̀. Àwa tá à ń gbé Ìkòsí, tá a lè fẹsẹ̀ rìn dé Kétu kí ọ̀rọ̀ tó tán lẹ́nu wa. Mo ní kó máa mú un lọ. Ẹ̀yin ì bá bi í. Ẹni tó bá ń jáde nílé yìí lójú ayé yín, ẹ̀ẹ̀mejì lẹ máa ń bi í: níbo, níbo gan-an? A sì máa ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi tí mo ní mo rọ́pò yín, mi ò bi í lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kí ló ṣe mí?

Lọ́jọ́ kejì, fóònù Bọ́sẹ̀ ò lọ mọ́. Dàpọ̀ ní òun já a sí bọ́sítọ́ọ̀pù, kò dé ṣọ́ọ̀bù, bóyá ó bá ọkùnrin lọ. A gbé fọ́tò rẹ̀ kiri Kétu, Màìlì Tuẹ́lfù, Àlápẹ́rẹ̀, títí dé Àgbóyì lórí omi. Dàpọ̀ bá wa rìn. Òun ló ń ra omi fún wa. Ó sunkún ju èmi lọ, a tún ń pẹ̀tù sí i nínú.

Ó lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí obìnrin kan tó pè mí. Yorùbá ló ń sọ, àmọ́ ó lọ́ díẹ̀. Ó ní wọ́n ti ọmọbìnrin kan mọ́lé lẹ́yìnkùlé òun ní Kétu, ó ń ránṣọ tọ̀sántòru, wọ́n sì ń lù ú. Pé ó ju àjákù aṣọ sóde lójú fèrèsé, nọ́ńbà mi ló kọ sí i. Mo ní ìyá, kò síbi tá ò dé ní Kétu. Ọ̀rọ̀ náà ya obìnrin náà lẹ́nu. Ó wá bi mí pé Kétu èwo ni mò ń wí, ṣé Kétu ti Èkó, torí òun ń pè láti Kétu ti Alákétu, níbi tí wọ́n ti ń ná owó sẹ́fà, lẹ́yìn bọ́dà.

Ṣé ẹ rí i, Bàbá? Lórí orúkọ ìlú, Dàpọ̀ ò tilẹ̀ parọ́. Ìyẹn ló ń ta mí lára jù.

Mo sọ fún Dàpọ̀ pé mò ń lọ síbi òkú l'Ábẹ́òkúta. Mo gba Ìmẹ̀kọ, ọlọ́kadà gbé mi gba inú igbó. Àwọn oníbọn mẹ́ta dá wa dúró, ọ̀kan ń fi ẹnu ìbọn tú báàgì mi. Mo ní àbúrò mi ló bímọ ní Kétu. Wọ́n ní kí n máa lọ. Obìnrin tó pè mí yẹn ló bá mi fọ́ àgádágodo nígbà tí àwọn tó ń ṣọ́ ilé lọ sọ́jà. Ojú igbó kan náà la gbà padà, a wọ mọ́tò dé Sàngó. Ibẹ̀ ni Bọ́sẹ̀ ti sọ fún mi pé Dàpọ̀ fúnra rẹ̀ ló fi mọ́tò gbé òun dénú igbó, tó fa òun lé àwọn oníbọn lọ́wọ́, tí kò sì bojú wẹ̀yìn.

Nínú ẹbí, Dádì Àgbà, ẹ̀gbọ́n yín, nìkan ni mo sọ fún. Wọ́n ní a kì í fa ọmọ ilé lé ọlọ́pàá lọ́wọ́, pé Dàpọ̀ wà lára àwọn tó gbẹ́ sàréè yín, kí n jẹ́ ká parí ẹ̀ nílé. Mo ṣì pe ọlọ́pàá. Ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ̀yin náà ì bá wí? Ẹ wo ẹ̀yìn Bọ́sẹ̀ ná kẹ́ ẹ tó dáhùn. Bí Dádì Àgbà bá ti ta Dàpọ̀ lólobó, mi ò mọ̀.

Dàpọ̀ ti pa tẹlifíṣọ̀n. Ó ń bi mí láti pálọ̀ pé ta ló wà pẹ̀lú mi. Bọ́sẹ̀ ti dìde. Mo dì í lọ́wọ́ mú, ó rọra já a gbà. Ó ní ọlọ́pàá ì báà dé, wọn ì báà má dé, òun ò sá pamọ́ nílé bàbá òun.

Ó ti ṣílẹ̀kùn. Mo gbọ́ tó ń kí i, pé ẹ káàsán, Bùọ̀dá Dàpọ̀. Mo ti di kọ́kọ́rọ́ géètì mú.

Mò ń tẹ̀ lé e jáde, Bàbá.

Èmi ọmọ yín tí àárò yín ń sọ.