Fi Ìyá Ọlọ Mi Ránṣẹ́

                                        Ilé tó kángun sódò,
                                        Ibùdó Tuntun.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹjọ.

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ìyá wa ńkọ́, ṣé orúnkún wọn ti fúyẹ́ díẹ̀? Ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ ńkọ́? Ara tiwa le, a dúpẹ́. Bàbá àwọn ọmọ mi ti dúdú bí ìdí ìkòkò, ṣùgbọ́n irú oorun tó ń sùn báyìí, kò sùn ún rí nígbà tó ń dá oko lórí ilẹ̀ onílẹ̀.

Ilẹ̀ ibí yìí dára. Nígbà tí a dé, igbó ni. Ejò ló jáde wá kí wa káàbọ̀. Òjò tún fi wá ṣẹ̀sín, ìdílé méjì sì kó ẹrù wọn padà. Àwa tó kù rọ́jú. Ní báyìí, a ti la ojú pópó kan, ilé wà lọ́tùn-ún lósì, àgbàdo sì ṣe débi pé a ò rí ibi kó o sí.

Ọkọ́ ni wàhálà wa. Ilẹ̀ tí a fẹ́ ro kún oko wa kún fún òkúta, gbogbo ọkọ́ wa sì ti jẹ tán. Alágbẹ̀dẹ wà láàárín wa, àmọ́ ọmọ owú nìkan ló gbé wá. Ó fi ìyá owú tí wọ́n ń gbé irin lé lù sílé, ó ní òun kọ́kọ́ wá wo bí ibí ṣe rí ná. Orí òkúta ló ti ń lu irin, òkúta sì ń fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Bí a ò bá rí ọkọ́ gidi kí òjò tó padà dé, ibùdó yìí á tú.

Ni a bá ṣèpàdé níwájú ilé káfíńtà wa, a ní kí alágbẹ̀dẹ lọ gbé ìyá owú rẹ̀ wá. Ó kọjú sí mi, ó ní: "Ẹsẹ̀ Kan, ìyá ọlọ tìẹ dà?" Orúkọ tí wọ́n sọ mí nìyẹn, wọ́n ní ẹsẹ̀ mi kejì ṣì wà lọ́dọ̀ yín. Ìwọ náà mọ̀ pé ọmọ ọlọ nìkan ni mo gbé wá. Orí ọlọ ìyàwó káfíńtà ni mo ti ń lọ ata. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Inú bí mi, àmọ́ òótọ́ ló sọ. Èmi àti alágbẹ̀dẹ la gbé ọmọ wá, tí a fi ìyá sílé.

Mo ní bí tèmi bá dé ńkọ́? Ó ní ọkọ̀ tó bá gbé e wá gan-an lòun máa bá padà lọ gbé ìyá owú. Ó rò pé mi ò ní lè ṣe é.

Awakọ̀ tó mú lẹ́tà yìí wá ló ń kó àgbàdo wa. Jọ̀ọ́, gbé ìyá ọlọ náà fún un. Má dá a gbé o, ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí. Mo mọ̀ pé mo ní kí o bá mi tọ́jú rẹ̀ títí n ó fi dé. Ọ̀rẹ́ mi, n ò padà wá máa gbé lọ́dọ̀ yín mọ́, àfi kí n máa wá kí yín. Omi bọ́ lójú mi bí mo ṣe kọ ọ́, ṣùgbọ́n ibí ni ilé mi báyìí.

Bá mi kí ìyá wa àti gbogbo ilé. Má sì fọ ọlọ náà. Jẹ́ kí ata ilé yín tó wà lára rẹ̀ bá a wá. Òun ni n ó kọ́kọ́ fi se ọbẹ̀ níbí.

Èmi náà ni,
Ọ̀rẹ́ rẹ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́ pé méjì.