Nọ́ńbà Alùpùpù Tí Mi Ò Rí Rí

Nguter, Sukoharjo,
Ọjọ́ Àìkú, ọ̀sẹ̀ tí òjò bẹ̀rẹ̀.

Sumarni, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ púpọ̀ láti òkèèrè. Ṣé ara rẹ le ní Taiwan lọ́hùn-ún? Ṣé màmá àgbà tí ò ń tọ́jú ti ń jẹun, tí kì í fi ọ̀pá lù ọ́ mọ́? Àwa níbí wà láàyè, ẹsẹ̀ ìyá wa sì ti ń gbé e dé ìdí kànga, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ọmọ Ìyá Karni tó ń padà síbi iṣẹ́ ni mo fi lẹ́tà yìí rán. Fóònù kan ni èmi àti ọkọ mi jọ ń lò, ohun tí mo fẹ́ sọ kì í sì í ṣe ohun tí mo fẹ́ kó kọ́kọ́ kà. Yàtọ̀ sí ìyẹn, a ò san owó ìfìwéránṣẹ́.

O rántí Wartini, tí a jọ ń kiri àgbo láti ìgbà tí a ti ń fi agbọ̀n pọ̀n ọ́n sẹ́yìn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, ìjọba ní ẹni tó bá ra alùpùpù oníná, àwọn yóò bá a san mílíọ̀nù méje rúpíà nínú owó rẹ̀. Káàdì ìdánimọ̀ kan, alùpùpù kan ni. Ẹni tó bá gbà á lẹ́ẹ̀kan ti gbà á tán. Nígbà náà, àwa oníṣòwò kéékèèké tí a ti yá owó lọ́dọ̀ ìjọba rí nìkan ni wọ́n ń fún. Wartini ní ká jọ lọ. Mo ní, "Ìjọba wo ló ń fún èèyàn lówó tí kò ní gbà á padà? Lọ ná, kí o wá ròyìn fún mi." Ó lọ lóòótọ́, ó sì gun aláwọ̀ ewé kan dé, tó ń dán bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa.

Sumarni, mi ò ní purọ́ fún ọ, ìlara náà ò jẹ́ kí oúnjẹ lọ lọ́nà ọ̀fun mi. Èmi ń da epo ogún ẹgbẹ̀rún rúpíà sínú tèmi lójoojúmọ́. Òun á ki wáyà bọ ara ògiri, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta péré, ó di ọ̀la. Kì í ra ọ́ìlì. Ohun tó ń ṣẹ́ kù sí i lọ́wọ́ lóṣù kan tó san owó ilé-ìwé Bayu ọmọ mi, kó sì tún ra ìrẹsì. Bí mo bá rí i tó ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, mo máa ń ṣe bí ẹni ń wá nǹkan nínú agbọ̀n.

Ohun kan ṣoṣo tó tù mí nínú ni pé máṣíìnì náà kì í dún. O mọ̀ pé ìró máṣíìnì ẹni ni àwọn oníbàárà fi ń mọ̀ pé èèyàn ti dé. Bí wọ́n bá ti gbọ́ tèmi tó ń wúkọ́ bọ̀, wọ́n á ti gbé ife jáde. Ti Wartini á kọjá bí ológbò, wọn ò ní mọ̀. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ló fi ń gbé àgbo àjàgbọn padà wálé. Mo ní, "Wartini, ṣé o kú ni? A ò gbúròó ẹ mọ́!" Mo rẹ́rìn-ín títí ìhà fi ń dùn mí. Nígbà tó yá, ó so agogo kékeré mọ́ ọn, gbin-gbin, gbin-gbin, ni àwọn èèyàn bá ń sá jáde, àti àwọn tó ń ra tèmi tẹ́lẹ̀. Ẹ̀rín mi gbẹ.

Nígbà tí mo gbọ́ níbi àjọ wa pé owó ìjọba náà ò ní pẹ́ tán, mo fọ́ kóló mi. Mo kó àjọ tó bọ́ sí mi lọ́wọ́ mọ́ ọn, ó pé mílíọ̀nù méjìlá, iye tó kù kí n san bí ìjọba bá yọ tirẹ̀. Mo wọ aṣọ tí mo fi ń lọ síbi ìgbéyàwó, mo lọ sí ilé ìtajà. Ọmọbìnrin ibẹ̀ tẹ nọ́ńbà káàdì mi sínú kọ̀ǹpútà, ó rẹ́rìn-ín sí mi. "Áà, Ìyá, ẹ̀yin lẹ rèé! Nọ́ńbà máṣíìnì yín ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Kí ló dé tẹ́ ò wá gbà á?"

Mo ní, "Máṣíìnì wo?"

"Pupa tẹ́ ẹ rà ńkọ́!"

Ẹni tó tà á ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, ọmọ náà ò sì mọ ẹni tó gbé e lọ. Ohun tó mọ̀ ni pé mílíọ̀nù méje tèmi ti lọ, bí mo bá fẹ́ òmíràn, kí n san mílíọ̀nù mọ́kàndínlógún pé. Ó fi ìwé ìròyìn wé irin pẹlẹbẹ tí nọ́ńbà wà lára rẹ̀, ó gbé e fún mi tòun ti ìwé tó ní orúkọ mi. Bí mo ṣe wọ bọ́ọ̀sì padà nìyẹn, mo ní nọ́ńbà, mi ò ní máṣíìnì.

Ta ni ì bá tún wá sí mi lọ́kàn? Ṣé o mọ̀ pé Wartini náà ló ra máṣíìnì elépo mi àtijọ́, orúkọ mi ló sì ṣì wà lára rẹ̀. Lọ́dọọdún tó bá fẹ́ tún ìwé rẹ̀ ṣe, ó ní láti wá yá káàdì mi, bí gbogbo wa ṣe ń ṣe níbí. Lọ́dún yìí, ó pẹ́ kó tó dá a padà. Sarjo ọkọ mi ló lọ gbà á wá. Mo ti inú bọ́ọ̀sì wọ ilé Wartini tààrà. Àwọn ẹlẹ́gbẹ́ àjọ wa jókòó sórí ẹní, wọ́n ń jẹ ẹ̀pà. Mo ju nọ́ńbà náà sí àárín wọn. "Wartini, gbà, lọ kàn án mọ́ ìkejì tí o fi orúkọ mi jí gbé!"

Ó wo nọ́ńbà, ó wò mí. "Partinem, ìdí mélòó ni mo ní tí n ó fi jókòó sórí máṣíìnì oníná méjì?"

Àwọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òun ò rẹ́rìn-ín. Ó fà mí lọ́wọ́ wọ ilé ìdáná. Ó ní, "Ìyá Bayu, màlúù yín tí àìsàn pa lóṣù tí mo yá káàdì ẹ, ta ló rí òkú rẹ̀?"

Mo ní Sarjo ló sin ín.

"Máṣíìnì pupa kan wà lẹ́yìn ọjà Wonogiri, kò ní nọ́ńbà. Yuliatin tó ń ta kọfí ló ń gùn ún. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti rí Sarjo níbẹ̀. Mi ò fẹ́ jẹ́ ẹni tó tú ilé ẹ ká ni mi ò fi sọ̀rọ̀."

Àbúrò mi, ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé gbogbo ìlara tí mo ti ń ṣe bọ̀, eré ọmọdé ni. Owú gidi máa ń gbóná láti àtẹ́lẹsẹ̀ ni. Ó ta màlúù tí èmi ń gé koríko fún, ó fi káàdì mi gba ẹ̀tọ́ mi, ó wá gbé obìnrin mìíràn gun orúkọ mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Wartini gbé mi lọ. Kí a tó gbéra, ó tú agogo rẹ̀, ó jù ú sápò. A dé ẹ̀yìn ọjà bí òjìji. Pẹ̀lú gbogbo iná tó ń jó nínú mi, mo ṣì rí i pé ìjókòó máṣíìnì rẹ̀ rọ̀ ju tèmi lọ.

Sarjo wọ síńgílẹ́ẹ̀tì, ó ń fi kànìnkàn fọ máṣíìnì pupa, ó sì ń kọrin. Láti ọjọ́ tí a ti fẹ́ra, kò da omi ife kan sí tèmi rí! Ìyẹn dùn mí ju màlúù lọ. Kò gbọ́ wa títí òjìji wa fi bọ́ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

"Ìyá... Ìyá Bayu."

Mo ní, "Bàbá Bayu, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé màlúù wa tó kú ló jí dìde, tó wá di pupa báyìí?"

Yuliatin yọ jáde pẹ̀lú ṣíbí lọ́wọ́. Ó kéré sí mi, eyín rẹ̀ sì pé. "Ta nìyí?"

"Èmi lẹni tó ni orúkọ tó wà lára máṣíìnì tí ò ń gùn."

Ó yíjú sí Sarjo. "O ní ìyàwó ẹ ti kú!"

Wartini pàtẹ́wọ́. "Ẹ gbà mí! Gbogbo nǹkan ló ń kú lọ́wọ́ ọkùnrin yìí!"

Yuliatin wọlé, ó mú kọ́kọ́rọ́ jáde, ó fi lé mi lọ́wọ́ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi." Mo bínú sí i, ṣùgbọ́n mo gba kọ́kọ́rọ́. Wartini ti mú sukudiráfà dání. A kan nọ́ńbà náà mọ́ ọn lójú Sarjo, mo gun máṣíìnì mi, a sì fi òun àti kànìnkàn sílẹ̀ níbẹ̀.

Ó wọ bọ́ọ̀sì wálé nírọ̀lẹ́. Orí bẹ́ǹṣì ọparun ní pálọ̀ ló ń sùn báyìí. Àwọn àgbà ilé wọn ti wá bẹ̀ mí. Mo ní mo gbọ́, kí màlúù kọ́kọ́ jí dìde ná, nítorí owó rẹ̀ ju iye tó fi ra máṣíìnì lọ, mo sì ṣì ń wá ìyókù. Láàárọ̀, òun ló ń fọ máṣíìnì pupa náà. Kò kọrin. Mo máa ń dúró ti fèrèsé wò ó, bóyá yóò kọrin, kò kọ ọ́, ó sì ń dùn mí.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ ọ nílẹ̀ àjèjì. Kí ọwọ́ rẹ má di òfìfo, kí ẹni tó bá ní òun fẹ́ ọ má ní ìyàwó tó "kú" sí ìlú mìíràn. Kí o padà bá ìyá wa láyọ̀.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ, tó pọ̀n ọ́ kó tó pọn àgbo,
Partinem.

Mo tún rántí: Wartini ti so agogo rẹ̀ padà, máṣíìnì pupa tèmi ò sì dún rárá. Lánàá, mo gbé àgbo padà wálé. Bí o bá rí agogo ní ọjà ibẹ̀ yẹn, bá mi ra ọ̀kan. Má ra èyí tó wọ́n. Kó ṣáà ti dún ju tirẹ̀ lọ.