Ọkọ̀ Ló Dákú, Ọmọ Ò Dákú

"Ó wà láàyè! Ẹ gbọ́ o, ọmọ mi wà láàyè! Ọkọ̀ ló dákú, ọmọ ò dákú! Ìwọ Akọ̀wé, dìde nílẹ̀ níbẹ̀ yẹn, lọ gbé bíìrò!"

Ohun tí màmá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ pariwo láti ẹ̀yìnkùlé nìyẹn, mo kọ ọ́ bó ṣe jáde lẹ́nu wọn gẹ́lẹ́. Akọ̀wé ni wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ mi, torí mo lọ síléèwé dé ibi tí owó parí sí. Ó máa ń dùn mí, àmọ́ kò dùn mí lónìí. Láti àárọ̀ la ti ń retí bọ̀dá mi láti ìgboro. Ẹnì kan wá dé, ó ní òun rí ọkọ̀ pupa kan bíi ti bọ̀dá lórí òkè tó ń rú èéfín, àwọn èèyàn sì pé lé e lórí. Màmá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Èmi náà jókòó. Mi ò fẹ́ kọ ohun tí mo rò síbí. Ìgbà tó yá ni fóònù dún, bọ̀dá ló pè.

Ní báyìí màmá ti bọ́jú, wọ́n ti jókòó ti máṣíìnì ìránṣọ wọn, wọ́n ń ránṣọ, wọ́n sì ń sọ ohun tí n máa kọ sí bọ̀dá. Inú ìwé tèmi yìí ni mo kọ́kọ́ máa ń kọ ọ́ sí, kí n tó dà á kọ sínú ìwé tó mọ́. Awakọ̀ pákó, ẹni tó ń kó pákó lọ sí ìgboro, ló máa gbé e lọ láàárọ̀ ọ̀la. Ibi tí mo bá fi àkámọ́ sí, èmi ni, kì í ṣe màmá.

Ọmọ mi àtàtà, ọkọ mi, baba mi, ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara ò ro ẹ́? Ṣé orí ò fọ́ ẹ? Èmi ìyá ẹ wà dáadáa, àbúrò ẹ náà wà dáadáa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa ń dijú mọ́rí bí ẹni tí gbogbo ayé jẹ ní gbèsè. Ẹni tó dá ẹ sí lónìí á máa dá ẹ sí. Mo fi aṣọ tí mo ń rán lọ́wọ́ nu omijé ìbẹ̀rù nù, omijé ayọ̀ nìkan ni màá tún máa fi aṣọ nù lórí ẹ. (Aṣọ oníbàárà ni. Kọ́là ẹ̀ ti rin.)

Gbogbo ilé ń kí ẹ. Ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù tó máa ń ké, mo ti fi epo sí i, ó ti dákẹ́, àmọ́ mi ò wá mọ ìgbà tí oníbàárà ń wọlé mọ́, ẹ̀rù wọn á kàn máa bà mí lójijì, mo ti ń wá bí ó ṣe máa tún ké. Nígbà tí fóònù dún lónìí, mi ò kọ́kọ́ fẹ́ gbé e, torí mo rò ó pé bí mi ò bá gbé e, ohun burúkú tó wà nínú ẹ̀ ò tíì ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Ìgbà tí mo gbọ́ ohùn ẹ, mo ní kó o rọra sọ̀rọ̀ kí owó má baà tán, ìwọ wá ń rọra sọ ọ́, ìrọra yẹn náà ló jẹ owó tán. Ìdí tí mo fi ń kọ lẹ́tà nìyẹn. Lẹ́tà ò ní kí èèyàn kọ́kọ́ ra káàdì fún òun kí òun tó lanu.

Mo gbọ́ gbogbo àlàyé ẹ. O ní páìpù tó ń gbé atẹ́gùn láti ara tọ́bò lọ sínú ẹ́ńjìnnì ló já, tí ọkọ̀ ò fi rí èémí mí mọ́, tó rú èéfín dúdú, tó sì kú sórí òkè. O ní páìpù yẹn ò tó nǹkan, pé ẹni tó ń wọ́ ọkọ̀ padà sí ìgboro á bá ẹ so ó. O wá ní owó díẹ̀ tó o fi pamọ́ láti fi tún ọkọ̀ náà ṣe, nǹkan kan ṣoṣo ló máa ká nínú mẹ́rin, tọ́bò ńlá, ọpọlọ ọkọ̀, ẹ̀rọ tó ń mú atẹ́gùn tutù, àti bíréèkì, pé èyí tí mo bá ní kó o ṣe lo máa ṣe.

O ṣeun tó o rántí pé ọkọ̀ àjọni ni. Nígbà tí mo ta máṣíìnì mi kejì kún owó ẹ̀, a ní ìdajì ni ti kálukú. Báǹkì ní kí n wá kọ fọ́ọ̀mù lọ́jọ́sí, wọ́n bi mí nínú ẹ̀ pé kí ni mo ní láyé, mo ní kí ọmọbìnrin tó ń bá mi kọ ọ́ kọ ìdajì ọkọ̀ sí i. Ó ní ìdajì wo. Mo ní ti iwájú ni, níbi tí ẹ́ńjìnnì wà, ọmọ mi ló ni ẹ̀yìn kó lè ríbi kó ẹrù ẹ̀ sí. Ó wo ọ̀gá ẹ̀, ọ̀gá ẹ̀ wò mí, wọ́n ní kí n fọwọ́ sí i. Nítorí náà ó ti wọ ìwé báǹkì, kò ṣeé yí padà mọ́.

Ti pé kí wọ́n gbé kọ̀ǹpútà wá kọ́ ọpọlọ ọkọ̀ ní ọgbọ́n tuntun, mi ò kọ ẹ̀kọ́ o, àmọ́ ṣé kò tíì dàgbà jù? Àbúrò ẹ ṣe iléèwé títí, síbẹ̀ kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń lọ aṣọ tí ò ní jó. Bí ẹ bá máa kọ́ ọ náà, kí olùkọ́ má nà án, ìyà kì í jẹ́ kí irin gbọ́ràn. Ẹ̀rọ tó ń mú atẹ́gùn tutù kó tó wọ ẹ́ńjìnnì, ìyẹn wù mí díẹ̀. Ṣé ó láàyè tí èèyàn lè ki ike omi méjì sí, kí omi náà tutù? Bí kò bá láàyè, a jẹ́ pé ọkọ̀ nìkan ló máa gbádùn ẹ̀ nìyẹn.

Èyí tó yà mí lẹ́nu ni bíréèkì, tó o kà kẹ́yìn pẹ̀lú ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ohun tó ń dáni dúró, ṣé èèyàn ń fowó rà á ni? Látọjọ́ tí mo ti bí ẹ ni mo ti ń gbàdúrà pé ohunkóhun ò ní dá ẹ dúró láyé, ṣé ẹnu mi yìí náà ni màá tún fi ní kó o lọ ra adánidúró tuntun? Máṣíìnì mi yìí, bí mo bá fẹ́ kó dúró, mo kàn ń gbé àtẹ́lẹwọ́ lé àgbá tó ń yí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ni. Ìwọ ṣáà gbé ẹsẹ̀ kúrò, á dúró. (Mo dáwọ́ dúró níbí. Màmá ní kí ló dé. Mo ní yíǹkì ò dà.)

Tọ́bò ńlá ni kó o rà. O ṣàlàyé fún mi rí pé èéfín tí ọkọ̀ bá mí jáde ló ń yí tọ́bò, tí tọ́bò á wá fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ́ńjìnnì padà. Mo ti rò ó síwá sẹ́yìn, ẹ̀dọ̀fóró ni. Ẹni tí èémí ẹ̀ kúrú, ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀ là á tọ́jú, a kì í ra bàtà fún un. Inú ìdajì tèmi ló sì wà, mo lẹ́nu ọ̀rọ̀ níbẹ̀.

Jẹ́ kí n tú inú mi fún ẹ. Kì í ṣe eré sísá ni mo ń wá. Láti ìgbà òjò lo ti ń sọ pé ọkọ̀ ò lè gun òkè tó wà láàárín wa, pé á máa mí gúlegúle, pé kí n ní sùúrù. Mo ní sùúrù. Mò ń gbá yàrá ẹ lójoojúmọ́, kò sí ìdọ̀tí kankan níbẹ̀, mo kàn ń gbá a ni. Ọkọ̀ tí èémí ẹ̀ bá pọ̀ á gun òkè, á gbé ọmọ mi wá bá mi. Ohun tí mo fẹ́ fi tọ́bò ṣe nìyẹn. Má jẹ́ kí àwọn mẹkáníìkì fi mí rẹ́rìn-ín. (Kò sẹ́ni tó ń gbá yàrá dè mí ní tèmi. Inú yàrá tèmi ni mo wà lójoojúmọ́.)

Má bínú, bí nǹkan bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn tọ́bò, fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Bẹ́líìtì máṣíìnì fẹ́ já, bọ́tìnnì ti tán, àbúrò ẹ náà nílò bàtà, ìgbéraga ni ò jẹ́ kó sọ ọ́. Má fi gba inú fóònù wá mọ́ o. Èyí tó o fi ránṣẹ́ nígbà yẹn, fóònù dún, mo sáré ṣí ẹ̀yìn ẹ̀, bátìrì nìkan ni mo bá níbẹ̀. Àbúrò ẹ ní owó náà wà ní báǹkì. Mo ní ta ló gbé e débẹ̀ láìsọ fún mi. Awakọ̀ pákó ni kó o fún kó gbé e wá.

Ó dàárọ̀ o, ọmọ mi. Ọ̀nà á mọ̀ ẹ́, á yà fún ẹ. Ìpè tó bá dún lórí ẹ, ìpè ayọ̀ ni. Ohunkóhun ò ní dá ẹ dúró. Òkè lo máa máa lọ, òkè, òkè, o ò ní sọ̀ kalẹ̀ láé. Èmi ìyá ẹ tó ń retí ẹ ni.

Màmá ti tán. Wọ́n ti jáde lọ sọ fún gbogbo àdúgbò pé ọkọ̀ ló dákú. Mò ń gbọ́ ẹ̀rín wọn láti ibi tí mo jókòó sí. Kò sí àkámọ́ mọ́ báyìí, èmi nìkan ni.

Irọ́ ni pé ọkọ̀ yẹn ò lè gun òkè. Nígbà tí bọ̀dá wá kẹ́yìn, wọ́n gbé mi lọ sí òdìkejì òkè lọ ra òwú fún màmá, ọkọ̀ náà gun ún bí ológbò ṣe ń gun ògiri. Nígbà tí à ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ wálé ni bọ̀dá tẹ bíréèkì, tó kàn rì wọlé bí ìgbà téèyàn tẹ ẹrẹ̀. Wọ́n fi jíà fà á, ọkọ̀ ń ké, a ò dúró àfi ìgbà tá a wọ inú òkìtì yanrìn ẹni tó ń kọ́lé. Bọ̀dá bú sẹ́rìn-ín, àmọ́ wọn ò tètè jọ̀wọ́ sitiárìn. Wọ́n ní àwọn ti fi owó bíréèkì ra páìpù èéfín aláriwo. Wọ́n bẹ̀ mí kí n má sọ fún màmá, mo sì ṣèlérí. Àtìgbà yẹn ni wọn ò ti wálé. Gígun ò ba bọ̀dá lẹ́rù, sísọ̀ ló ń bà wọ́n lẹ́rù. Bí páìpù atẹ́gùn yẹn ò bá já lónìí, wọn ì bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Mò ń rò ó, mo sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ páìpù.

Bí mo bá sọ fún màmá, ẹkún á tún bẹ̀rẹ̀, wọ́n á ní ìdajì tàwọn ló fẹ́ pa ọmọ àwọn. Bí èmi fúnra mi bá sì kọ̀wé sí bọ̀dá, wọ́n á ní kí lọmọdé mọ̀. Ẹnu màmá nìkan ni bọ̀dá ń gbọ́.

Mo ti ya ìwé tó mọ́. Gbogbo ohun tí màmá sọ ni màá kọ, báǹkì, bátìrì, ike omi méjèèjì. Àdúrà pé wọn ò ní sọ̀ kalẹ̀ láé, àti ibi tí màmá ti bú bíréèkì tí wọ́n sì yin tọ́bò, nìkan ni màá fò. Níbi tí màmá ti ní tọ́bò ńlá, màá kọ ọ́ pé: ra bíréèkì, ti iwájú ni kó o kọ́kọ́ ṣe, torí ìdajì tèmi ni. Bí màmá bá ní kí n kà á sókè fún àwọn, tọ́bò ni màá kà. Bọ̀dá á sì dé, màmá á dúró síwájú ilé máa yin tọ́bò, èmi á máa wo ilẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ọ lẹ́nu mi.