Sí Ògbifọ̀ tí Kì í Kánjú

Bàbá mi, ẹni tó kọ́ mi lọ́rọ̀,

Mo kí yín o. Màmá náà kí yín. Ara wọn le, àfi orúnkún tó máa ń dùn wọ́n bí òjò bá fẹ́ rọ̀, wọn ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú agboolé gbàgbé ọ̀rọ̀ orúnkún yẹn. Ẹnì kan ti ra ilé tó wà lẹ́yìn wa, ó wó o, ó ń kọ́ alájà márùn-ún síbẹ̀, nítorí náà oòrùn àárọ̀ kì í tètè kan àga yín mọ́. Mo ṣì ń gbá abẹ́ àga náà láràárọ̀. Ta ni yóò jẹ́ gbàgbé? Ẹ kì í jókòó sórí àga kankan láyé yín láì kọ́kọ́ ké pé kí wọ́n mú ọwọ̀ wá, kódà nílé onílé. Màmá á máa fi ojú bẹ̀ yín pé kí ẹ má dójú ti àwọn, ẹ̀yin á sì dúró gbọn-in títí wọn yóò fi gbá ilẹ̀ ọ̀hún.

Ohun tí mo fẹ́ sọ wúwo lẹ́nu mi. Láti ìgbà tí mo ti mú bírò ni mo ti ń yí i ká. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó rọrùn.

Wọ́n ti dá ètò yín padà sórí tẹlifíṣọ̀n. Orúkọ tí ẹ fún un náà ni wọ́n ṣì ń pè é, Kí Ni Wọ́n Wí? Èmi ọmọ yín ni wọ́n gbé sórí àga yín ní sítúdíò. Lọ́jọ́ tí mo lọ wá iṣẹ́ náà, Dèjì tó jẹ́ ọ̀gá ètò ní kí n sọ ohun kan tó lè pa òun lẹ́rìn-ín. Mo sọ ìtàn bí ẹ ṣe ń pe ọwọ̀ títí dé orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, àní nígbà tí rọpárọsẹ̀ ti yí yín lẹ́nu. Ìtàn yẹn náà ni mo sọ níbi fídáù yín tí àwọn ààfáà pàápàá rẹ́rìn-ín. Dèjì rín in títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì gbà mí síṣẹ́ lójú ẹsẹ̀.

Ṣé ẹ rántí bí ẹ̀yin ṣe ń ṣe ètò náà? Láàárín ọ̀sẹ̀, ògbifọ̀ ni yín ní kọ́ọ̀tù Ìgbóṣeré, ẹ ń sọ Yorùbá ẹlẹ́rìí di Gẹ̀ẹ́sì fún adájọ́, ẹ ń sọ Gẹ̀ẹ́sì lọ́yà di Yorùbá fún ẹlẹ́rìí. Tó bá di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sọ́ńdè, iṣẹ́ kan náà lẹ gbé dé iwájú kámẹ́rà. Bàbá Onísúùtù, ọ̀rẹ́ yín, á jókòó lápá ọ̀tún yín, wọn á máa ka ohun tí àwọn aláṣẹ sọ lọ́sẹ̀ yẹn, gírámà lórí gírámà. Ẹ̀yin á tẹ́tí. Tí wọ́n bá kà á tán, ẹ á dákẹ́. Ìdákẹ́ yẹn gan-an ló ń pa wá lẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kan wọ́n ka ojú ìwé méjì lórí omi ẹ̀rọ, ìpele kìn-ín-ní, ìpele kejì, ọ̀rọ̀ tó gùn ju afárá Kátà lọ. Ẹ̀yin dákẹ́, ẹ wo ilẹ̀, ẹ wo òkè, ẹ wá ní wọ́n ní kí ẹ má tíì ta korobá yín. Láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá ṣèlérí ní Ìsàlẹ̀ Èkó, àwọn èèyàn á ní àwọn ò tíì ní ta korobá.

Kò sígbà tí ẹ fi ẹni tí kò ní agbára ṣe ẹlẹ́yà. Ẹni tó ní gbohùngbohùn lọ́wọ́ nìkan lẹ ń túmọ̀. Ẹ ní ògbifọ̀ kì í fi kún ọ̀rọ̀, kì í yọ nínú ọ̀rọ̀. Ohun mìíràn tún wà tí ẹ máa ń sọ nídìí oúnjẹ, tí mo gbọ́ gbọ́ gbọ́ títí tó fi di ariwo lásán létí mi. Ẹ ní bí ẹlẹ́rìí bá ń sunkún, ẹ kì í túmọ̀ ohun tó bá sọ. Ẹ á bẹ adájọ́ kó ní sùúrù, kí ẹni náà mumi, kó nu imú, kó tún un sọ. Ẹ ní ẹkún máa ń gba ohùn lẹ́nu ọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ ohùn ló ni Yorùbá. Àwọn lọ́yà kan máa ń pòṣé sí yín, pé ẹ ń fi àkókò kọ́ọ̀tù ṣòfò. Ẹ ò dá wọn lóhùn rí.

Tiwa ò rí bẹ́ẹ̀ mọ́, Bàbá. Kò sí àyè fún ìdákẹ́. Dèjì kì í ṣe èèyàn burúkú, ọmọ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ni, àmọ́ ó ní bí a bá dákẹ́ díẹ̀, àwọn èèyàn á ti fi àtàǹpàkò tì wá kúrò lójú fóònù wọn. Inú kọ̀ǹpútà ni ẹ̀rín wà báyìí. Bọ́tìnnì kan ni Dèjì ń tẹ̀, ẹ̀rín ọgọ́rùn-ún èèyàn á sì tú jáde, yálà ọ̀rọ̀ náà dùn tàbí kò dùn. Àwọn aláṣẹ tí ẹ̀yin ń túmọ̀, àlejò wa ni wọ́n dà. Ọ̀kan wá lóṣù tó kọjá, mo bá a jó, mo sì bi í léèrè ibi tó ti ra bàtà rẹ̀. Bàtà o, Bàbá. Nígbà tí a ò lè fi irú wọn rẹ́rìn-ín mọ́, ta ló kù? Ẹni tó yọ̀ ṣubú lójú títì, ẹni tó ṣi Gẹ̀ẹ́sì sọ, ẹni tí wọ́n fi fóònù ká mọ́ ibi tí nǹkan ti dà rú fún un.

Ibẹ̀ ni mo ti bá Ìyá Rísì pàdé, ìyẹn ìyá kan tó ń ta edé ní ọjà Sandgrouse. Lọ́jọ́ kan, àwọn tó ń kó ọkọ̀ kúrò lójú títì wá sí ẹ̀bá ọjà. Ẹnì kan fi fóònù ya ìyá náà bí wọ́n ṣe káwọ́ lérí, tí ọkọ̀ akẹ́rù kan ń lọ lẹ́yìn wọn, tí wọ́n ń fi ọkọ̀ mìíràn wọ́ ọ. Ẹkún ò jẹ́ kí ohùn wọn já gaara. Ohun tí mo gbọ́ ni pé wọ́n ti gbé ọkọ̀ àwọn lọ, kí àwa èèyàn ṣàánú, kí a bá àwọn wá ọkọ̀ àwọn, àwọn ò lè sùn láìsí i. Dèjì ló mú fídíò náà wá, àmọ́ mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, èmi ni mo mú àbá táyà wá. Mo ní kí wọ́n tẹ́ bẹ́ẹ̀dì sí sítúdíò. Mo gbé táyà lé e, mo dé fìlà fún un, mo fi aṣọ bò ó, mo sùn tì í, mo ń pè é ní olówó orí mi. Wọ́n rín in káàkiri. Ní Sandgrouse, Ìyá Ọlọ́kọ̀ lorúkọ tí wọ́n fún wọn. Bí wọ́n bá ń kọjá, àwọn èèyàn á máa fi ẹnu fọn fèrè ọkọ̀ sí wọn.

Ọkọ ni wọ́n wí, Bàbá. Kì í ṣe ọkọ̀.

Ọkọ wọn ló wà nínú akẹ́rù náà tí kò sọ̀ kalẹ̀, ni wọ́n bá gbé òun àti ọkọ̀ lọ. Ìyá Rísì ò mọ ibi tí wọ́n gbé e lọ. Ọjọ́ márùn-ún gbáko ni wọ́n fi ń wá a kiri, ẹni tí wọ́n bá sì bẹ̀ pé kó bá àwọn wá ọkọ àwọn, ẹ̀rín ló ń bú sí, nítorí pé ó ti rí èmi àti táyà mi. Lọ́jọ́ kẹfà ni bàbá náà tó wálé, tòun ti ẹsẹ̀ tó wú. Ó ṣì ń tiro di bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí.

Bàbá Onísúùtù ló wá sọ fún mi, nítorí ọwọ́ ìyá náà ni wọ́n ti ń ra edé. Wọ́n tẹ̀lé ọ̀pá wọn wá sí agboolé wa, wọ́n wo àga yín, wọn ò jókòó. Wọn ò bú mi. Ìbéèrè kan péré ni wọ́n bi mí, pé ṣé mo tiẹ̀ bi ìyá náà pé ọkọ ni àbí ọkọ̀. Wọ́n ní ẹ̀yin ìbá bi í. Ojú tì mí débi pé mi ò lè sìn wọ́n dé ẹnu ọ̀nà.

Mo lọ sí Sandgrouse, mo kúnlẹ̀. Ìyá Rísì ń ṣa edé wọn lọ. Wọ́n ní ẹ̀bẹ̀ tí mo mú wá sí iwájú àtẹ kò lè dé ibi tí ẹ̀rín mi dé. Wọ́n ní ibi tí mo ti sùn ti táyà ni kí n lọ ti sọ ọ́. Mo ti dìde tán kí wọ́n tó fi kún un pé láyé ìgbà yín, bí ẹ bá ti fẹ́ la ẹnu, àwọn á sáré pe ọkọ àwọn láti ẹ̀yìnkùlé kó má bàa pàdánù rẹ̀, pé àwọn ò mọ̀ pé ọmọ yín ni mí.

Dèjì ò gbà. Kò pariwo, ẹ̀bẹ̀ ló ń bẹ̀ mí. Ó ní ètò ẹ̀rín tó bá tọrọ àforíjì lẹ́ẹ̀kan ti di wáàsí, pé àwọn tó ń gbé ètò náà ró ò fẹ́ omi lójú, pé bí mo bá fi dandan ṣe é, Sọ́ńdè tí mo máa lò kẹ́yìn nìyẹn. Bàbá, kí ni ẹ̀yin ìbá ṣe? Mo bi àga yín nílé léèrè. Mo wá wo àwọn fídíò yín àtijọ́. Mi ò tẹ́tí sí ọ̀rọ̀, ìdákẹ́ yín ni mo ń kà. Ti korobá yẹn, mo ka ení títí dé ẹẹ́jọ.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, mo ní kí wọ́n fi fídíò Ìyá Rísì hàn láìsí ẹ̀rín. Dèjì wò mí láti ẹ̀yìn gíláàsì, ó gbé ọwọ́ kúrò lórí bọ́tìnnì. Mo dákẹ́. Mo ka ení dé ẹẹ́jọ. Mo wá túmọ̀ rẹ̀ bí ẹ ṣe máa ń ṣe. Mo ní wọ́n ní wọ́n ti gbé ọkọ àwọn lọ, ọkọ tó fẹ́ wọn sílé, kí a bá àwọn wá a. Mo ní èmi ni mi ò gbọ́, èmi ni mo da ẹ̀rín lé ẹkún wọn lórí, kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n forí jì mí. Dèjì lágbára láti pa kámẹ́rà, kò pa á. Lọ́jọ́ kejì ló tẹ̀ mí láago pé ọmọbìnrin kan tó mọ ijó jó ló máa jókòó síbẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Àga yín ti bọ́ lọ́wọ́ mi, Bàbá. Ó dùn mí, mo sunkún, àmọ́ mi ò kábàámọ̀.

Mo rò pé ìyẹn lohun tó wúwo lẹ́nu mi. Òun kọ́.

Ní Túsìdeè, mo padà sí Sandgrouse. Ọkọ Ìyá Rísì jókòó lẹ́yìn àtẹ, wọ́n gbé ẹsẹ̀ lé àpótí. Ọ̀fìnkìn ti há Ìyá Rísì lóhùn, ọ̀rọ̀ kàn ń jáde pẹlẹbẹ ni, kò lọ sókè, kò lọ sílẹ̀. Wọ́n rí mi, wọ́n ní ọwọ dà? Mo wo ilẹ̀, mo rí èèpo edé, mo rí ìgbálẹ̀ tí wọ́n fi ti àtẹ, mo bá gbé e, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbálẹ̀. Tọkọtaya náà rẹ́rìn-ín títí. Ìyá Rísì gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ mi, wọ́n jù ú sílẹ̀, wọ́n fa ọwọ́ mi, wọ́n dì í mú.

Ibẹ̀ ni mo ti rántí. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín èèpo edé.

Bàbá mi, ní ọsibítù lọ́jọ́ yẹn, nígbà tó ku ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lẹ́nu yín, tí ohùn ti kúrò lára rẹ̀, kí ni ẹ ń wí? Ẹ ní ọwọ. Mo lọ yá ìgbálẹ̀, mo gbá abẹ́ bẹ́ẹ̀dì yín. Ẹ tún ní ọwọ. Mo gbá a dé ẹnu ọ̀nà. Èmi àti nọ́ọ̀sì ń rẹ́rìn-ín pé ẹni tó ń ṣàìsàn tún rí ìdọ̀tí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbá yàrá yẹn, ẹ̀yin ń wò mí, ẹ ń wí i. Nígbà tí wọ́n ń pe ìrun ìrọ̀lẹ́, ẹ ò wí i mọ́. Ọdún mélòó ni mo ti ń fi ìtàn yẹn pa àwọn èèyàn lẹ́rìn-ín?

Ọwọ́ ni, àbí? Ọwọ́ mi lẹ ń tọrọ, mo sì ń gbálẹ̀.

Màmá ò mọ̀. Mi ò tíì lè sọ fún wọn. Ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ ń sọ fún. Ní Jímọ̀ tó ń bọ̀, bí wọ́n bá ti kírun tán, màá wá síbi tí ẹ sùn sí. Mo mọ̀ pé ewé á ti bo ibẹ̀, mo sì mọ̀ yín. Ẹ ṣe sùúrù fún mi lọ́tẹ̀ yìí. Mi ò ní mú ọwọ̀ wá. Ọwọ́ ni mo ń mú bọ̀.

Kí Ọlọ́run tẹ́ ibẹ̀ dáadáa fún yín.

Èmi ni, ọmọ yín tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́.