Ọkọ Mi Nínú Èéfín Ojú Ọ̀run

Ọ̀sí, ọjọ́ Sátidé, lẹ́yìn ìrun Màgáríbì

Alhamudulilahi! Mo ti rí ọkọ mi lẹ́nu iṣẹ́. Ọkọ mi! Ó ń dùn mọ́ mi láti kọ ọ́.

A wà nínú ọkọ̀ òfurufú, a ń bọ̀ ní Ìlọrin láti Èkó, èmi lórí ìjókòó, òun nínú aṣọ iṣẹ́, ó ń pín omi fún àwọn èrò. Àfi bí èéfín ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í rú jáde nínú àpò kan lókè orí wa. Bàbá kan pariwo pé, "Ẹ ṣí fèrèsé!" Fèrèsé wo, lójú ọ̀run?

Mo dìde kí n lọ di ọkọ mi mú. Kò tilẹ̀ ṣe bí ẹni mọ̀ mí rí. "Màdáámù, ẹ jókòó! Ẹ tẹrí ba, ẹ fi aṣọ bo imú!" Mo jókòó wọ̀ọ̀.

Obìnrin tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ti ń fi fóònù inú ọkọ̀ sọ fún awakọ̀ òfurufú. Ọkọ mi ti orí bọ ìbòjú tó ń dènà èéfín, ó fín agolo panápaná sí àpò náà, ó wá ń da omi lé páwábáǹkì tó ń jó nínú rẹ̀ títí ó fi tutù. Mo ń bẹ Ọlọ́run pé kí n má di opó kí làálì ìgbéyàwó tó pa rẹ́ lọ́wọ́ mi.

A balẹ̀ láyọ̀. Nígbà tí èrò bọ́ sílẹ̀ tán, ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, ṣé o ń bínú pé mo jágbe mọ́ ẹ?"

Mo ní, "Bí ẹ bá tún rí èéfín, ẹ jágbe jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo dì í mú.