Sí Ìdílé Oyèlárán ní Òkukù, Lórí Ikú Olùkọ́ Ọlábímpé

Ìkìrun,
Oṣù Kìíní, 1958.

Pẹ̀lú ọkọ́ lọ́wọ́ àti ìbànújẹ́ lọ́kàn ni àwa ọmọ Ẹgbẹ́ Olùkọ́ agbègbè Ìkìrun fi wà ní itẹ́ òkú ṣọ́ọ̀ṣì Òkukù ní àárọ̀ àná, tí à ń gbẹ́ ilẹ̀ tí ọyẹ́ ti mú le. Ẹ̀yin Bàbá ni ẹ ní kí a má ṣe sin ọmọ yín sí àgbàlá yín. A kò fẹ́ kí òkú rẹ̀ máa dúró de àríyànjiyàn.

Ìnísà ni Ọlábímpé ti ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké. Kì í ju ẹfun ìkọ̀wé nù títí èékánná rẹ̀ yóò fi máa ha pátákó. Bí àwọn àgbẹ̀ Ìgbayè bá mú ọmọbìnrin wọn kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ nígbà ìkórè, yóò lọ bá wọn lóko, yóò bá wọn ká àgbàdo, yóò sì mú ọmọ náà padà. Ẹnikẹ́ni kò rán an níṣẹ́ yìí.

A kì yóò bo ohun tí ó pa á mọ́lẹ̀. Ní òru ìgbéyàwó rẹ̀ ní Ìkìrun, aṣọ funfun tí wọ́n tẹ́ fún un kò ní ẹ̀jẹ̀. Olúbọ̀dé ọkọ rẹ̀ sọ fún àwọn àgbà ilé rẹ̀ pé, “Ìyàwó mi ni. Ẹ fi wá sílẹ̀.” Wọn kò gbọ́. Wọ́n fi páálí ìṣáná tí kò kún ránṣẹ́ sí yín, àmì pé wọn kò bá ọmọ yín nílé. Kí oòrùn tó kàntàrí, Titus ẹ̀gbọ́n Ọlábímpé ti dé Ìkìrun pẹ̀lú kùmọ̀, ó ń pariwo pé, “Ikú yá ju ẹ̀sín lọ!” Ó lu àbúrò rẹ̀, Ọlábímpé sì kú sí ilé ìwòsàn.

Ẹni tí ó bá ń pa òwe yẹn, ikú ara rẹ̀ ni ó ń yàn. Kò sí àgbà kan tí ó fi í yan ikú fún àbúrò rẹ̀. Àwọn agbẹ̀bí sì ti sọ fún wa pé ọ̀pọ̀ wúńdíá kì í ṣẹ̀jẹ̀ rárá. Aṣọ kò lè jẹ́rìí. Bí ó tilẹ̀ lè jẹ́rìí, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ kan níbẹ̀ tí kùmọ̀ jẹ́ ìdáhùn rẹ̀.

Ẹ ránṣẹ́ pé kí a bá yín bẹ àwọn ọlọ́pàá nítorí Titus. A kò ní bẹ̀ wọ́n. A ó máa lọ láti ṣọ́ọ̀ṣì dé mọ́ṣáláṣí, a ó sì wọ ààfin, ní Ìkìrun, ní Ìnísà àti ní Òkukù, títí ìdílé kankan kò fi ní rán ìṣáná sí àna rẹ̀ mọ́. Ó yẹ kí ẹ̀yin kọ́kọ́ fọwọ́ sí ìpinnu yìí.

A gbọ́ pẹ̀lú pé ẹ fẹ́ yára fi Túnráyọ̀, àbúrò olóògbé, fọ́kọ, kí òun náà má baà “bàjẹ́.” A kò tíì bo sàréè tán nígbà tí Ìyá dé, tí Túnráyọ̀ ru àpótí aṣọ rẹ̀ tẹ̀ lé wọn. Ìyá wo kòtò náà. Wọ́n ní, “Tíṣà, ẹ bá mi mú èyí lọ. Òun nìkan ló kù.”

A gbà á. Ọ̀dọ̀ Ìyáàfin Keziah Morákinyọ̀, olórí àwọn olùkọ́bìnrin wa ní Ìnísà, ni yóò máa gbé títí yóò fi parí ẹ̀kọ́ rẹ̀. Bàbá, ẹ má ṣe rán ẹnikẹ́ni wá mú un.

A kó erùpẹ̀ lé sàréè tán, a fọ ọkọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, a dá wọn padà, a sì mú ọmọ náà lọ. Kí Ọlọ́run, tí ó gbọ́ igbe Ọlábímpé nígbà tí ilé rẹ̀ kò gbọ́ ọ, tu Ìyá nínú. Kí ó sì jẹ́ kí ẹ̀yin Bàbá lè sunkún ọmọ yín.

Ọmọ́dára Àjíṣafẹ́,
Akọ̀wé Ẹgbẹ́.